Kì í Ṣe Ogun Òyìnbó Nìkan: Àwọn Aláwọ̀ Dúdú Nínú Ogun Òmìnira Amẹ́ríkà

Èrò kan ti rinlẹ̀ láàárín wa, nílé àti lẹ́yìn odi, pé ogun tí Amẹ́ríkà fi gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì láti 1775 sí 1783, òyìnbó àti òyìnbó ló ń bá ara wọn jà. Wọ́n ní ẹrú ni àwọn aláwọ̀ dúdú ìgbà yẹn, inú oko tábà ni wọ́n wà, ogun náà ò kàn wọ́n. Ẹni tó bá gbà bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ pé àwọn òpìtàn fẹ́ bá aráàlú sọ̀rọ̀ nípa ogun náà ní ilé-ìṣẹ̀ǹbáyé àwọn ológun tó wà ní Fort Belvoir, Virginia, kó sì ní kí lòun fẹ́ lọ gbọ́ níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó kàn wá pọ̀ níbẹ̀. Ilẹ̀ 13 tó dìtẹ̀ mọ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì ní èèyàn tó tó mílíọ̀nù 2.5 nígbà náà, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ní oṣù kẹta ọdún 1770, nígbà tí àwọn ṣọ́jà Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu èrò ní Boston, Crispus Attucks, tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà lára, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kú. Ní ogun Bunker Hill, nítòsí Boston, oṣù kẹfà 1775, aláwọ̀ dúdú kan tó ń jẹ́ Salem Poor jà débi pé ọ̀gá ológun 14 fọwọ́ sí ìwé sí ìjọba Massachusetts láti jẹ́rìí sí akin rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí George Washington fi gba àkóso àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní oṣù keje ọdún kan náà tí àṣẹ fi jáde pé wọn ò gbọdọ̀ gba aláwọ̀ dúdú tuntun wọlé mọ́.

Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ rí àǹfààní tó wà nínú ìyẹn. Ní oṣù kọkànlá 1775, Lord Dunmore, gómìnà tí ọba fi sí Virginia, kéde pé ẹrú èyíkéyìí tí olówó rẹ̀ jẹ́ ọlọ̀tẹ̀, tó bá lè gbé ìbọn, tó sì wá jà fún ọba, ti gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ èèyàn sá wá bá a, àwọn mìíràn gba orí omi wá. Ó fi wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ethiopian Regiment. Ṣànpọ́nná pa nínú wọn ju ìbọn lọ. Bí ọdún 1775 ṣe ń parí lọ, Washington yí ohùn padà, ó gbà kí àwọn aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ òmìnira tí wọ́n ti jagun rí padà wọlé.

Ibí yìí ni àwọn kan ti máa ń kó sínú àṣìṣe mìíràn, tí wọ́n á ní Gẹ̀ẹ́sì ni olùgbàlà. Irọ́ nìyẹn náà. Dunmore fúnra rẹ̀ ní ẹrú. Ẹrú ọlọ̀tẹ̀ nìkan ni ìkéde rẹ̀ wà fún. Ẹrú ẹni tó ń ṣe ti ọba ò rí nǹkan kan gbà. Nígbà tí oúnjẹ wọ́n ní Yorktown, ìlú kan ní Virginia, ní 1781, àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ti sá wá bá wọn jáde kúrò lábẹ́ ààbò wọn, pẹ̀lú àìsàn lára. Èmi ò mọ bí a ṣe lè pe ìyẹn ní àánú.

Ní ìhà Amẹ́ríkà, Rhode Island ò rí ọmọ ogun tó pọ̀ tó, nítorí náà ní oṣù kejì 1778 wọ́n ṣòfin pé ẹrú tó bá wọṣẹ́ ogun di òmìnira lójú ẹsẹ̀, ìjọba á sì sanwó fún olówó rẹ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún yẹn ni àwọn tó wọṣẹ́ ogun bẹ́ẹ̀ kojú àwọn ọmọ ogun Jámánì tí Gẹ̀ẹ́sì háyà, wọn ò sì sá. Àwọn òpìtàn fojú díwọ̀n àwọn aláwọ̀ dúdú tó jà fún Amẹ́ríkà sí nǹkan bí 5,000.

Ọ̀ràn James, ẹrú William Armistead ní Virginia, ló máa ń dùn mí jù. Ní 1781 ó wọ ibùdó Cornwallis, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹrú tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó rẹ̀, ó ń ṣe amí fún Lafayette, ọ̀gá ológun ará Faransé tó wà lẹ́yìn Amẹ́ríkà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tilẹ̀ rò pé amí àwọn ni. Ogun parí, James padà sí oko ẹrú! Ní 1783 Virginia ṣòfin láti dá àwọn ẹrú tó jagun dípò olówó wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n amí ni òun, kò gbé ìbọn, òfin ò kàn án. Ó di ìgbà tí Lafayette kọ̀wé jẹ́rìí fún un ní 1784, tí òun náà sì bẹ ìgbìmọ̀ aṣòfin, kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní 1787. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ James Lafayette.

Mount Vernon, ilé George Washington, kò jìnnà rárá sí Fort Belvoir. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Harry Washington ti ṣe ẹrú. Wọ́n kó Harry wá láti agbègbè Gambia, Washington rà á ní 1763. Ó sá ní 1771, wọ́n mú un padà. Ó tún sá ní 1776, ó bá Dunmore lọ, ó sì di kọ́púrà lọ́dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ogun parí ní 1783, Washington ní kí Gẹ̀ẹ́sì dá àwọn ẹrú padà. Guy Carleton, ọ̀gá ológun Gẹ̀ẹ́sì ní New York, kọ̀ jálẹ̀: ẹni tí ìkéde ọba ti dá sílẹ̀ kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni mọ́. Nǹkan bí 3,000 ni wọ́n kọ orúkọ wọn sínú ìwé kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé wọn lọ sí Nova Scotia, ní ilẹ̀ tó di Kánádà lónìí, Harry wà lára wọn.

Ìdí tí a ò fi gbọ́ gbogbo èyí kò ṣòroó rí. Ní 1792 ìjọba Amẹ́ríkà tuntun ṣòfin pé ọkùnrin aláwọ̀ funfun ni kí wọ́n máa kọ orúkọ wọn sínú ẹgbẹ́ ológun ìbílẹ̀. Bí wọ́n ṣe yọ àwọn aláwọ̀ dúdú kúrò lójú ogun ni wọ́n yọ wọ́n kúrò nínú ìtàn tí wọ́n ń sọ fọ́mọ. Síbẹ̀ nígbà tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì tún kọlu ara wọn ní 1812, ohun kan náà ló tún ṣẹlẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì tún ṣèlérí òmìnira ní 1814, ọ̀pọ̀ tún sá wá, a sì rí àwọn tí wọ́n fún ní ilẹ̀ ní Trinidad.

Nova Scotia tutù, ilẹ̀ tí wọ́n ṣèlérí fún Harry àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ò tó, èyí tó wà ò sì dára. Ní 1792, nǹkan bí 1,200 nínú wọn wọ ọkọ̀ 15 kọjá òkun padà sí Áfíríkà, wọ́n sì tẹ Freetown dó ní Sierra Leone. Ní 1800, Harry tún wà lára àwọn tó bá ilé-iṣẹ́ tó ń ṣàkóso ibẹ̀ jà nítorí owó ilẹ̀, wọ́n sì lé e lọ sí òdìkejì odò. Ìlú tí wọ́n tẹ̀ dó yẹn ni ọkọ̀ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì gbé Àjàyí, ọmọ Òṣoògùn, lọ ní 1822, lẹ́yìn tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn tó ń kó ẹrú. Àjàyí yìí ni Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Ajayi Crowther. Ibẹ̀ náà ni àwọn Sàró ti gbéra nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ sí Badagry, Èkó àti Abẹ́òkúta.