Òjìji Ló Ṣáájú Fọ́tò: Ibi Tí Adùn Fọ́tò Dúdú-Funfun Ti Ṣẹ̀ Wá

Bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ fọtógíráfà pé ta ló kọ́ wa láti máa fi ìmọ́lẹ̀ àti òjìji dárà nínú fọ́tò dúdú-funfun, Daguerre, ará Faransé tó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe fọ́tò, ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ, àwọn tó bá sì ti kàwé díẹ̀ á ní rárá o, Caravaggio ayàwòrán ará Ítálì ni. Èmi ò gba ìkankan níbẹ̀. Caravaggio kú ní 1610, ọ̀dà ló fi ń kun òjìji tiẹ̀, ibi tó bá wù ú ló ń fi í sí. Lójú tèmi, òjìji gan-an làwọn èèyàn ń lé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, wọ́n fẹ́ mú un kó má lè lọ mọ́, fọ́tò kàn jẹ́ ohun tí wọ́n ṣèèṣì pàdé lójú ọ̀nà ni. Ẹni tó sì rí i mú ni William Henry Fox Talbot, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn dáadáa. Pliny, ará Róòmù tó kú ní ọdún 79, sọ ìtàn amọ̀kòkò kan tó ń jẹ́ Butades ní Kọ́ríńtì. Ọmọbìnrin ọkùnrin yìí ní olólùfẹ́ tó fẹ́ rìnrìn àjò, lálẹ́ ni àtùpà bá ju òjìji ojú ọmọkùnrin náà sára ògiri, ọmọbìnrin yìí bá fa ìlà yí i ká, bàbá rẹ̀ wá fi amọ̀ dí inú ìlà náà, ó sì sun ún pọ̀ mọ́ àwọn ìkòkò rẹ̀. Ó lè jẹ́ òótọ́, ó lè jẹ́ àlọ́, kò dí mi lọ́wọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọmọkùnrin náà wà níbẹ̀ lójúkojú, síbẹ̀ ojú ògiri lọmọbìnrin yìí kọjú sí! Mo tilẹ̀ gbà pé ó ti pẹ́ ju ìyẹn lọ, torí àwọn tó ń jókòó ti iná nínú ihò àpáta láyé àtijọ́, tí òjìji wọn ń ga tó ń kúrú lára òkúta, kí ni wọn ì bá tún máa wò lálẹ́ bí kì í bá ṣe ìyẹn? Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti gbé èédú níbẹ̀ láti fa ìlà tiẹ̀, àwa ò kàn rí i ni.

Ọ̀rọ̀ yàrá òkùnkùn náà wà ńbẹ̀. Ní Ṣáínà, ó ju 2,300 ọdún lọ, Mozi ọlọ́gbọ́n èrò àtàwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ti mọ̀ pé bí ìmọ́lẹ̀ bá gba ihò tíńtín wọlé, àwòrán ohun tó wà níta á dorí kodò sára ògiri. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo máa ń gbé gẹ̀gẹ̀ ni Ibn al-Haytham, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tí wọ́n bí ní Basra, tó sì ṣiṣẹ́ ní Káírò ní nǹkan bí 1,000 ọdún sẹ́yìn. Ó wo bí oòrùn tí òṣùpá ti bò lápá kan ṣe ń gba ihò wọlé tó sì ń hàn bí dòjé, ó rí i pé bí ihò náà bá tóbi jù, dòjé yẹn á pòórá, á kù róbótó. Ihò kékeré máa ń fún èèyàn láwòrán tó já gaara, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ á dínkù, òkùnkùn inú yàrá sì gbọ́dọ̀ pọ̀ kéèyàn tó lè rí i. Gbogbo kámẹ́rà tó wà láyé ṣì ń tẹ̀lé òfin yìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1700, ará Jámánì kan, Schulze, po ẹfun mọ́ ásíìdì tí fàdákà díẹ̀ ti yọ́ sínú rẹ̀, ló bá rí i pé apá ìgò tó kọjú sí oòrùn ti dúdú. Ó gbé e síbi iná, kò dúdú, ó wá mọ̀ pé kì í ṣe ooru, ìmọ́lẹ̀ ni. Ó gé lẹ́tà sára bébà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìgò, oòrùn sì bá a kọ lẹ́tà náà sára ẹfun. Láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn náà làwọn ará Yúróòpù tí wọn ò lówó ayàwòrán ń jókòó síwájú àbẹ́là kí wọ́n lè fa ìlà òjìji ojú wọn, wọ́n á gé e jáde nínú bébà dúdú, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ funfun. Orúkọ Silhouette, mínísítà ètò ìnáwó Faransé ní 1759 tí wọ́n mọ̀ sí ahun, ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ irú iṣẹ́ olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀. Èmi ò rí yẹ̀yẹ́ kankan níbẹ̀ o, bébà yẹn gan-an ni bàbá fọ́tò dúdú-funfun!

Ọdún 1802 ni Thomas Wedgwood àti Humphry Davy, àwọn ọmọ Gẹ̀ẹ́sì méjì, gbé iṣẹ́ tiwọn jáde, ọmọ amọ̀kòkò sì ni Wedgwood náà (ẹ rántí Butades). Wọ́n fi omi fàdákà, ìyẹn omi tí fàdákà ti yọ́ sínú rẹ̀, pa bébà tàbí awọ funfun, wọ́n to ewé lé e lórí, wọ́n gbé e sóòrùn: ibi tí oòrùn dé dúdú, ibi tí òjìji ewé wà funfun. Wàhálà ibẹ̀ ni pé wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa dá a dúró, àbẹ́là ni wọ́n fi ń jí i wò, bí wọ́n bá gbé e síta pẹ́nrẹ́n, gbogbo ẹ̀ á dúdú.

Talbot ló wá dé. Ní 1833 ó wà létí adágún Como ní Ítálì, ó ń gbìyànjú láti yàwòrán, ọwọ́ rẹ̀ ò gbà á. Nígbà tó délé, ó ń ki bébà bọ omi iyọ̀, ó gbẹ, ó fi omi fàdákà pa á, ó sì ń kó o sínú àpótí igi kéékèèké, ìyẹn kámẹ́rà tiẹ̀, tí ìyàwó rẹ̀ ń pè ní pańpẹ́ eku. Ní August 1835, ó ya fèrèsé kan nílé rẹ̀ ní Lacock Abbey, nẹ́gẹ́tíìfù yẹn (fọ́tò tí dúdú àti funfun ti gbapò ara wọn, tí wọ́n lè fi tẹ ẹ̀dà míì) sì wà títí dòní. Kò ju sítáǹbù lẹ́tà lọ. Ojú dígí tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé ló ṣú, àwọn irin tó pín dígí náà ló funfun, Talbot sì kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé nígbà tóun kọ́kọ́ ṣe é, èèyàn lè fi dígí ìmúǹkantóbi ka nǹkan bí 200 ojú dígí níbẹ̀. Nígbà tó fi iṣẹ́ náà han Royal Society, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní London, ní January 1839, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé iṣẹ́ òun ni ọnà dídá òjìji dúró. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́ o! Nẹ́gẹ́tíìfù yìí ló fi òjìji hàn bí ohun tó dá dúró láyè ara rẹ̀, torí níbẹ̀, òjìji ló ń tàn. Ẹ wo fọ́tò ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, èyí tó yà ní 1844: ìgbálẹ̀ fara ti ẹnu ọ̀nà, àtùpà rọ̀ sára ògiri, òjìji ìgbálẹ̀ yẹn dá gẹ̀rẹ́ sára ilẹ̀kùn, inú ilé sì ṣókùnkùn àfi fèrèsé kan lọ́ọ̀ọ́kán.

Niépce, ará Faransé, ti ya fọ́tò tiẹ̀ ní nǹkan bí 1826 tàbí 1827, mi ò jiyàn, ṣùgbọ́n ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn fi tàn sára ògiri ọ̀tún àti tòsì pa pọ̀, òjìji wo ló wá kù níbẹ̀? Ti Daguerre, páànù bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò, tó ń dán bíi dígí, ọ̀kan péré, kò ṣeé dà kọ. Ó tán.

Ìyókù ò gùn. Kẹ́míkà àkọ́kọ́ ò mọ̀ ju àwọ̀ búlúù lọ, torí ẹ̀ ni sánmà fi máa ń funfun báláú tí aṣọ pupa á sì ṣú, títí Vogel, onímọ̀ kẹ́míkà ará Jámánì, fi rí ọ̀nà àbáyọ ní 1873. Julia Margaret Cameron, obìnrin fọtógíráfà ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ya ojú èèyàn látọdún 1860 ó lé, Ansel Adams àti Fred Archer, àwọn fọtógíráfà ará Amẹ́ríkà, pín àárín dúdú àti funfun sí ìpele 11, fọtógíráfà Fan Ho sì ya obìnrin kan lẹ́bàá ògiri ní Hong Kong ní 1954, tí òjìji ńlá kan dá gẹ̀rẹ́ wá bá a. Inú dáàkì rúùmù, yàrá òkùnkùn tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò, ló ti fi òjìji yẹn kún un. Àwọn kan ní èrú ni, èmi ò rí èrú níbẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ló fi ṣe é: bébà fọ́tò tí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ lórí ẹ̀ ló ń dúdú, gẹ́gẹ́ bíi ti Wedgwood. Kodachrome, fíìmù aláwọ̀, ti dé láti 1935, kámẹ́rà dígítà náà dé, wọ́n ní dúdú-funfun ti kú. Ní 2012 ni Leica, iléeṣẹ́ kámẹ́rà ará Jámánì, wá ṣe kámẹ́rà kan tí kò lè ya àwọ̀ kankan rárá, owó gọbọi ni wọ́n sì tà á, síbẹ̀ àwọn èèyàn rà á.