Ọ̀rọ̀ Tó Ti Ojú Òkun Wọ Ilé Aṣòfin

Ọ̀nà méjì ni àwọn Dutch ìgbà àtijọ́ ń gbà pe ẹni tó ń kọlu ọkọ̀ òkun. Kaper ni ẹni tó gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Bí ogun bá ń lọ, ó lè fi ìwé náà gba ọkọ̀ ọ̀tá, kí ilé ẹjọ́ wo ìkógun rẹ̀, kí wọ́n sì pín in láàárín olówó ọkọ̀, àwọn atukọ̀ àti ìjọba. Ẹni tí kò níwèé, ajalèlókun ni, wọ́n sì lè yẹgi fún un. Kaper náà ni wọ́n ń pè é ní Jámánì, kapare ní Sweden, kaappari ní Finland.

Vrijbuiter ló rìn jìnnà jù. Vrij ni òmìnira, buit ni ìkógun, -er sì ń ṣiṣẹ́ tí "a-" ń ṣe nínú "apẹja": ẹni tó ń kógun bó ṣe wù ú. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì túmọ̀ rẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di freebooter. Àwọn Faransé ò túmọ̀ ní tiwọn, ìró rẹ̀ ni wọ́n mú: fribustier, tí r fi di l, ó di flibustier, orúkọ àwọn ajalèlókun Caribbean. Àwọn ará Sípéènì tún fi fáwẹ̀lì sáàárín f àti l, ó di filibustero. Bí a ṣe la kọ́ńsónáǹtì méjì níyà nínú "búrẹ́dì" gan-an nìyẹn, bẹ́ẹ̀ wọn ò sì nílò rẹ̀ tó wa, torí wọ́n ń pe flor, ìyẹn òdòdó lédè wọn, bó ṣe wà.

Láti ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti tún un yá, ó di filibuster. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, àwọn tó ń kó ọmọ ogun aládàáni kúrò ní Amẹ́ríkà lọ gba ilẹ̀ onílẹ̀ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa Narciso López ní Havana lọ́dún 1851, níbi tó ti fẹ́ gba Kúbà lọ́wọ́ Sípéènì. William Walker sọ ara rẹ̀ di ààrẹ Nicaragua lọ́dún 1856, ọdún yẹn gan-an tí àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí i ní Paris pé àwọn ò ní fún kaper níwèé mọ́.

Àwọn aṣòfin Amẹ́ríkà wá sọ orúkọ náà mọ́ ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ gígùn gba ilé mọ́ àwọn yòókù lọ́wọ́, kí wọ́n má bàa lè dìbò. Lọ́dún 1957, wákàtí 24 àti ìṣẹ́jú 18 ni aṣòfin Strom Thurmond fi sọ̀rọ̀ láti dènà òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Òfin náà ṣì wọlé.

Ní ilẹ̀ Dutch lónìí, kaper ni ẹni tó ń fipá gba ọkọ̀ òfuurufú. Vrijbuiter ni ẹni tó ń gbé ayé rẹ̀ bó ṣe wù ú, tí wọ́n bá sì pe èèyàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èébú.