Ilé ìyá Robert ni progressive rock ti jáde, kì í ṣe Lọ́ńdọ̀nù

Òru ni mo fi bá progressive rock pàdé. Mo ki earpiece bọ etí, mo fẹ́ fi orin sùn, fóònù wá ń ti orin kan bọ òmíì fúnra ẹ̀, bí oorun ṣe ń gbé mi lọ ni mo gbọ́ dùùrù kan tí ohùn ẹ̀ ń ha bí ẹni ń fi àyùn gé páànù, mo ní kí n jẹ́ kó parí kí n tó pa á, orin ò parí. Ìlù yí padà, ẹni tó ń kọrin dákẹ́, ẹlòmíì gbà á, dùùrù tún dé tìbínú tìbínú, ìgbà tí mo máa fi lajú wo fóònù ó ku díẹ̀ kó pé ìṣẹ́jú 23. "Nine Feet Underground" ni orin náà ń jẹ́, ẹgbẹ́ olórin Caravan ni àwọn tó kọ ọ́, 1971 ló jáde. Mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí láyé mi. Oorun dá lójú mi pátápátá.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wádìí nìyẹn. Ohun tó sì kọ́kọ́ bí mi nínú ni pé àwọn tó fẹ́ràn rock gan-an, tí ẹ bá dárúkọ Caravan fún wọn, wọ́n á rò pé ọkọ̀ lẹ̀ ń wí. Pink Floyd ni wọ́n mọ̀, ó tán. Tí ẹ bá wá béèrè pé ibo ni nǹkan ọ̀hún ti ṣẹ̀ wá, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: àwo àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ King Crimson, Lọ́ńdọ̀nù, oṣù kẹwàá 1969. Wọ́n á kà á bí ẹni ka kátíkísìmù. Èmi ò gbà o. Ilé ìyá ọmọkùnrin kan lábúlé kan lẹ́bàá Canterbury, ní Ìlú Ọba, ni progressive rock ti jáde, ó sì ti ń rìn fún bí ọdún mẹ́jọ kí King Crimson tó tajú kán rí i.

Ẹ jẹ́ n yára ṣàlàyé fún ẹni tí ò mọ ohun tí à ń sọ. Orin pop ayé ìgbà yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó pọ̀ jù náà ni mẹ́rin. Kì í ṣe Ọlọ́run ló pàṣẹ bẹ́ẹ̀, àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 láàrin ìṣẹ́jú kan ló fà á, ojú kan ẹ̀ ò lè gbà ju ìwọ̀nba yẹn lọ. Ilé-iṣẹ́ Columbia gbé àwo ńlá LP jáde ní Amẹ́ríkà ní 1948, ojú kan wá ń gba ìṣẹ́jú 20 ó lé, síbẹ̀ àwọn olórin pop ṣì ń to orin kéékèèké jọ sórí ẹ̀, bí ẹni tó kọ́lé oníyàrá mẹ́wàá tó wá ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Àwọn ọmọ prog, ìyẹn progressive rock tí wọ́n gé kúrú, ló kó wọ gbogbo yàrá. Wọ́n tún da ìlù rú mọ́ àwọn tó fẹ́ jó. Ẹ fọwọ́ gbá tábìlì báyìí kí ẹ wò ó: ení èjì ẹ̀ta ẹ̀rin, ení èjì ẹ̀ta, ẹ má sinmi, ẹ tún padà sí ení. Ẹsẹ̀ yín á ti gbéra kí ẹ tó rí i pé ilẹ̀ tí ẹ fẹ́ tẹ̀ ò sí níbẹ̀ mọ́. Méje lẹ kà yẹn, òun náà ni Pink Floyd lò fún "Money".

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sílé ọ̀hún. Ní nǹkan bíi 1961, ọmọ Ọsirélíà kan tó ń jẹ́ Daevid Allen wá yá yàrá ní Wellington House, ní abúlé Lydden, lọ́nà tó ti Canterbury lọ sí Dover ní Kent. Ìyá tó nilé ni Honor Wyatt, akọ̀ròyìn ni, ó sì ti sọ̀rọ̀ lórí rédíò BBC. Ọmọ ẹ̀ ni Robert, tó jẹ́ bí ọmọ ọdún 16 nígbà yẹn. Allen gbé àwo jáàsì dé, ó gbé ewì dé, ó gbé irun gígùn dé nígbà tí irun gígùn ṣì jẹ́ ẹjọ́. Onílù jáàsì kan láti Amẹ́ríkà náà tún wá gbé ibẹ̀, òun ló kọ́ Robert ní ìlù. Robert Wyatt tí ẹ̀ ń gbọ́ nìyẹn, ọwọ́ ayálégbé ìyá ẹ̀ ló ti kọ́ṣẹ́.

Mi ò sí níbẹ̀ o, wọn ò tíì bí mi, ṣùgbọ́n mo ti ro ilé yìí títí mo fi ń rí i lójú àlá. Èmi gbà pé ògiri ló ṣe é. Ẹ ro ó wò: ẹnìkan ń ka ewì ní yàrá kan, ẹnìkan ń fi igi lu ohun tó bá rí ní yàrá kejì, àwo jáàsì ń yí nísàlẹ̀, ẹni tó bá sì dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló máa gbọ́ pọ̀. Ọmọdé tó bá dàgbà síbẹ̀, ṣé ìṣẹ́jú mẹ́ta lorin ẹ̀ máa jẹ́ ni? Ẹ má sì gbàgbé pé Canterbury ni ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Áńgílíkà wà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fi bíṣọ́ọ̀bù àgbà jẹ, dùùrù ibẹ̀ ti ń dún láti ayébáyé. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì ló wọ orí àwọn ọmọ yìí, èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí David Sinclair ṣe ń fa ohùn gígùn jáde lára dùùrù Caravan kí ẹ tó ní mò ń parọ́. Ohun kẹta, tó dá mi lójú jù, ni pé wọ́n jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù. Kò sí ọ̀gá ilé-iṣẹ́ àwo kankan tó ń bọ̀ wá sọ fún wọn pé ẹ gé e kúrú.

Ilé-ẹ̀kọ́ girama kan náà, Simon Langton, ni Robert, Hugh Hopper àti Mike Ratledge lọ. Ní 1963, Allen, Robert àti Hugh ti ń ṣeré pọ̀ bí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́ta. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n dá Wilde Flowers sílẹ̀: Hugh àti Brian ẹ̀gbọ́n ẹ̀, Robert, Kevin Ayers, Richard Sinclair. Àwọn kan máa ń kọ ọ́ sí Wild, wọ́n ti pa á run nìyẹn. "E" yẹn ń tọ́ka sí Oscar Wilde, òǹkọ̀wé ará Ireland, èrò Kevin ni. Ẹgbẹ́ yìí ò gbé àwo kan ṣoṣo jáde nígbà ayé ẹ̀. Ẹ gbọ́ mi? Kò sí ẹyọ kan. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí àwọn òpìtàn fi máa ń fo ibẹ̀, nítorí ohun tó wà lórí àwo nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n kà. Àmọ́ inú ikùn Wilde Flowers ni ẹgbẹ́ Soft Machine (Allen, Robert, Kevin àti Ratledge) ti jáde ní 1966, ibẹ̀ náà ni Caravan ti jáde ní 1968. Ìyá tó bí ìbejì, ẹ wá ní ẹ ò rí oyún nínú ẹ̀.

Orúkọ ńkọ́? "Progressive" tó túmọ̀ sí onítẹ̀síwájú, jáàsì ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ, Stan Kenton ní Amẹ́ríkà ti ń pe orin ẹ̀ ní progressive jazz láti ìparí àwọn ọdún 1940. Àwọn tó fẹ́ fà á wá sára rock lẹ́yìn náà pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo ẹ̀yìn àwo àkọ́kọ́ Caravan, tó jáde láàrin 1968 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1969, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ara ìran tuntun àwọn ẹgbẹ́ progressive rock ni wọ́n, pé ìlù wọn ò bá ti ẹlòmíì dọ́gba. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ kí King Crimson tó wọ sítúdíò. Kí lẹ tún ń wá?

Ó dáa, àwọn olórogún. Àwọn kan ní Beatles ni, Sgt. Pepper, 1967. Àwo ńlá ni, mi ò jà, ṣùgbọ́n orin kúkúrú ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn kan ní Procol Harum, nítorí dùùrù tó dà bíi ti Bach, olórin ṣọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́, nínú "A Whiter Shade of Pale", ọdún 1967 kan náà. Dùùrù kan ò sọ ilé di ṣọ́ọ̀ṣì. King Crimson ńkọ́, wọ́n ṣí eré fún Rolling Stones ní Hyde Park ní July 5, 1969, ẹgbẹ̀ẹ́gbẹ̀rún èèyàn rí wọn, ìyẹn ló jẹ́ kó dà bíi pé ọjọ́ yẹn ni ayé bẹ̀rẹ̀.

Moody Blues nìkan ni mo lè fún láàyè díẹ̀, nítorí Mellotron. Ẹ̀rọ yẹn mà dùn mọ́ mi o! Ó dà bíi dùùrù, ṣùgbọ́n abẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, téèpù gbọọrọ kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ti gba ohùn gòjé tàbí fèrè tàbí ohùn èèyàn sí. Tí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì, mọ́tò á fa téèpù náà kọjá, gòjé á máa dún, lẹ́yìn bíi ìṣẹ́jú-àáyá 8 téèpù tán, gòjé pa, àfi kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò kí sípíríǹgì lè já a padà sẹ́yìn. Ìyẹn ni pé ọwọ́ yín ò gbọdọ̀ jókòó síbì kan, ẹ ó máa rákò lórí ẹ̀ bí alántakùn. Birmingham ni wọ́n ti ń ṣe é, ara Chamberlin ti Amẹ́ríkà ni wọ́n wò ó, Mike Pinder tó wá di ọmọ ẹgbẹ́ Moody Blues sì ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe é. Ẹ ò rí i pé téèpù ni? Ta ló sì ti ń gé téèpù, tó ń so ìdí mọ́ orí kó lè máa yí lọ láìdúró, ní Paris lọ́hùn-ún? Daevid Allen kan náà ni, ọwọ́ ẹ̀ ni Hugh Hopper ti kọ́ ọ. Ẹ tún bá mi padà sí Lydden nìyẹn.

Ìjọba ò jẹ́ kí Allen padà wọ Ìlú Ọba ní 1967 nítorí ọ̀rọ̀ físà, ó bá jókòó sí Faransé, ó dá Gong sílẹ̀. Àwọn tó kù nínú Soft Machine bá Jimi Hendrix, ògbógi onígìtá, káàkiri Amẹ́ríkà ní 1968. Ní 1970, Soft Machine gbé Third jáde, àwo méjì, ojú mẹ́rin, orin mẹ́rin péré. Oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni wọ́n ṣeré níbi Proms, àjọ̀dún orin kíláásíkà, ní Royal Albert Hall, ẹgbẹ́ rock àkọ́kọ́ tó débẹ̀. Robert fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́ pé òun jáde lọ fa sìgá, nígbà tóun máa padà, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kóun wọlé, òun ní òun fẹ́ wọlé ṣeré ni, ẹ̀ṣọ́ ní irọ́ ni, orin gidi nìkan ni wọ́n ń ṣe níbí. Gbogbo ọ̀rọ̀ pé ayé ò ka prog sí tí mo fẹ́ fi ojú ewé mẹ́wàá sọ, ẹ̀ṣọ́ yẹn ti bá mi sọ ọ́ tán.

Ìyókù, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ bíi Yes, Genesis, ELP dé. Jethro Tull kọ orin kan ṣoṣo kún àwo kan, Thick as a Brick, 1972, ó gba ipò kìíní ní Amẹ́ríkà. Àwọn ará Ítálì gbé Van der Graaf Generator ga nígbà tí Ìlú Ọba ò dá wọn lóhùn. Mike Oldfield ṣe Tubular Bells ní 1973, ọmọ ẹ̀yìn Kevin Ayers ni, ẹ ṣáà rántí. Pink Floyd fi Dark Side of the Moon lo ọ̀sẹ̀ 741 lórí Billboard, àtẹ àwo tó ń tà jù ní Amẹ́ríkà, láàrin 1973 sí 1988. Ẹ lè ní kí ni mò ń sunkún sí nígbà náà. Èmi ní owó ni wọ́n rí, wọn ò rí ọ̀wọ̀. Rédíò tó fẹ́ ta ìpolówó ò ní fi ìṣẹ́jú 23 sílẹ̀ fún orin kan. Punk, orin rock kúkúrú onípariwo, dé ní 1976, wọ́n fi prog ṣe ẹlẹ́yà, Johnny Rotten, akọrin punk, wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé òun kórìíra Pink Floyd, ọkùnrin yìí kan náà ló lọ sórí rédíò ní 1977 tó ń fi orin Peter Hammill ti Van der Graaf ṣeré tó sì ń yìn ín. Rock Hall of Fame, ilé ọlá àwọn olórin rock ní Amẹ́ríkà, ò mú Genesis títí di 2010, Rush di 2013, Yes di 2017, Moody Blues di 2018. King Crimson ṣì wà lẹ́nu géètì, Soft Machine àti Caravan ò tilẹ̀ tíì rí géètì. Àwọn ẹgbẹ́ prog tó dé lẹ́yìn, Marillion, Dream Theater, Porcupine Tree, ẹ lọ gbọ́ wọn, wọ́n dáa.

Mo ní láti jẹ́wọ́ nǹkan kan ṣá. Ní 1994 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kó téèpù àtijọ́ Wilde Flowers jọ gbé jáde. Mo sáré lọ gbọ́ ọ, mo ń retí dùùrù oníṣẹ́jú 20, àwọn orin ìṣẹ́jú méjì, mẹ́ta, ni mo bá níbẹ̀, orin ìfẹ́, orin ijó. Ẹni tó bá ń bá mi jà máa ní ọwọ́ ti tẹ̀ mí. Ẹ dúró ná. Ọ̀kan ń bẹ nínú wọn tó ń jẹ́ "Memories", Hugh Hopper ló kọ ọ́, ohùn ẹ̀ rọ̀, ó ń lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí ò fẹ́ jí ará ilé. Ní 1982 ẹgbẹ́ kan ní New York tó ń jẹ́ Material tún un kọ, wọ́n wá ọmọbìnrin kan tí ò tíì pé ogún ọdún, tí ò tíì ní àwo tiẹ̀, pé kó wá bá wọn kọ ọ́. Whitney Houston ni.