Kí ni "23 kg" tó wà lára tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ń sọ gan-an fún ẹni tó ń gbé ẹrù kitesurfing?

Ẹni tó ń ṣe kitesurfing, ìyẹn eré orí omi tí káìtì ńlá ti máa ń fa èèyàn tó dúró lórí bọ́ọ̀dù, tó fẹ́ wọ bàálù lọ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ dáadáa, nǹkan tó kọ́kọ́ máa wò lára tíkẹ́ẹ̀tì ni "23 kg", á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ẹrù lé sikéèlì lọ́kọ̀ọ̀kan, káìtì, bọ́ọ̀dù, okùn, tó bá ti rí i pé gbogbo ẹ̀ ò kọjá 22, ọkàn ẹ̀ ti balẹ̀ nìyẹn. Kò tíì yẹ kó balẹ̀ o. Nọ́ńbà yẹn ò dá rìn, méjì míì ń tẹ̀ lé e tí wọn kì í kọ gàdàgbà bíi tiẹ̀, ìyẹn iye báàgì tí wọ́n gbà fún yín àti bí báàgì náà ṣe gùn tó, àwọn méjèèjì yìí ló sì máa ń gbowó lọ́wọ́ oníkáìtì jù. Tẹ́ ẹ bá bi mí, màá ní ìwúwo ló rọrùn jù nínú wàhálà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí iye báàgì. Ọ̀nà méjì làwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ń gbà ka ẹrù. Wọ́n ń pe ìkan ní piece concept, báàgì ni wọ́n ń kà níbẹ̀, wọ́n lè ní báàgì kan tàbí méjì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan má sì ju 23 kìlò lọ, àwọn tó bá jókòó sí business class ni wọ́n sábà máa ń fún ní 32. Ìkejì ni weight concept, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ka báàgì, àpapọ̀ kìlò ni wọ́n ń wò, tí wọ́n bá fún yín ní 30, ẹ pín in sí méjì o, ẹ pín in sí mẹ́ta o, kò kàn wọ́n. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe kékeré fún oníkáìtì. Níbi tí wọ́n ti ń wo àpapọ̀, ẹ lè ní báàgì bọ́ọ̀dù kan àti báàgì káìtì kan, kí méjèèjì jọ wọn 29, ẹ ti kọjá nìyẹn. Níbi tí wọ́n ti ń ka báàgì, tó bá jẹ́ ẹyọ kan ni wọ́n gbà fún yín, báàgì kejì yẹn, ì báà má ju kìlò márùn-ún lọ, owó odidi báàgì lẹ máa san lé e lórí. Ó tún wá ní òdìkejì: wọ́n gbà báàgì méjì fún yín, ìkan wọn 25, ìkejì wọn 14, ẹ máa rò pé ṣebí àpapọ̀ ẹ̀ ò tó 46, àmọ́ wọn ò ní ṣírò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ fún yín, èyí tó wọn 25 yẹn ti jẹ gbèsè tiẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ṣí síìpù níwájú káńtà, kẹ́ ẹ máa fa harness, ìyẹn bẹ́líìtì ńlá tó ń so yín mọ́ káìtì, yọ látinú ìkan sínú ìkejì lójú gbogbo àwọn tó wà lórí ìlà lẹ́yìn yín.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, 32 tí mo dárúkọ yẹn, òun ni ààlà ní ọ̀pọ̀ eapọ́ọ̀tù. Báàgì kan tó bá ti ju 32 kìlò lọ, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù ò ní gbà á rárá, kódà tẹ́ ẹ bá ní owó lọ́wọ́, torí pé èèyàn ni wọ́n ń lò láti gbé e, ẹ̀yìn èèyàn ni wọ́n sì ń dáàbò bò. Torí náà ẹni tó ń gbèrò pé kóun kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì ńlá kan ṣoṣo kóun kàn sanwó overweight, ó níbi tí ọgbọ́n yẹn ń parí sí.

Ó wá ku gígùn, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Báàgì lásán tí kò ní àfikún owó, nọ́ńbà tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni 158 sẹ̀ńtímítà, ìyẹn ínǹṣì 62. Àwọn kan máa ń rí 158 kí wọ́n sọ pé ah, bọ́ọ̀dù mi ò ju 138 lọ, ó ti wọlé. Kò wọlé o, torí gígùn nìkan kọ́ ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n á wọn gígùn, wọ́n á wọn ìbú, wọ́n á tún wọn bó ṣe nípọn tó, wọ́n á ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ẹ mú bọ́ọ̀dù twin-tip, èyí tí orí àti ìdí ẹ̀ rí bákan náà, tó jẹ́ 138 ní gígùn, 41 ní ìbú, tó bá ti wọ inú báàgì tẹ́ ẹ wá kó káìtì lé e lórí, ó ti ń lọ sí 145 ní gígùn, 45 ní ìbú, 25 ní ìnípọn. Ẹ rò ó pọ̀: 215. Ó ti fi 57 kọjá, wọn ò sì tíì gbé e sórí sikéèlì. Ìdí nìyí tí báàgì tó wọn kìlò 18 péré fi lè gba owó lọ́wọ́ yín nígbà tí báàgì ẹni tó wà níwájú yín tó wọn 23 géérégé kọjá lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó ń gba oníkáìtì sílẹ̀ ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ní òfin ọ̀tọ̀ fún ẹrù eré ìdárayá, sports equipment ni wọ́n máa ń kọ síbẹ̀. Àwọn kan á ní tó bá ti wà lábẹ́ 23 kìlò àwọn ò ní wo gígùn, báàgì kan náà làwọn máa kà á sí. Àwọn kan ní iye kan pàtó tẹ́ ẹ máa san ní ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan, tẹ́ ẹ bá sì san án sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ó sábà máa ń dín ju ti káńtà lọ. Àwọn kan á kọ golf síbẹ̀, wọ́n á kọ ski, wọ́n á kọ surfboard, wọn ò ní dárúkọ kite rárá, ẹ̀yin lẹ máa wá bi wọ́n pé abẹ́ èwo làwa wà. Èyí ló fà á tí àwọn tó ń ṣe ẹrù káìtì fi ń rán báàgì tó rí bíi ti golf tí wọ́n sì ń pè é bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń gba ẹrù golf bíi báàgì lásán. Báàgì yẹn dáa, ó ní táyà, ó gba bọ́ọ̀dù àti káìtì méjì tàbí mẹ́ta, àmọ́ tí wọ́n bá bi yín pé kí ló wà nínú ẹ̀, mi ò ní gbà yín níyànjú kẹ́ ẹ máa sọ pé igi golf ni, torí ẹ̀rọ X-ray ò ní bá yín purọ́.

Ọ̀nà míì tún wà, bọ́ọ̀dù tó ń já sí méjì. Wọ́n gé e láàárín, bóòtù ni wọ́n fi ń so ó pọ̀ tẹ́ ẹ bá dé etí omi. Ìdajì ẹ̀ ò ju bíi 70 sẹ̀ńtímítà lọ, ó máa wọ inú àpótí ìrìn-àjò lásán, wọn ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé oníkáìtì ni yín. Ó wọ́n ju bọ́ọ̀dù gidi lọ, irin tó so ó pọ̀ sì máa ń fi díẹ̀ kún ìwúwo ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń fò léraléra máa rí owó ẹ̀ gbà padà.

Ó yá, ìwúwo. Káìtì fúnra ẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Láti ìgbà tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ará Faransé yẹn, Bruno àti Dominique Legaignoux, ti gbé káìtì tí wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn sí nínú jáde, 1984 ni wọ́n forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, egungun káìtì ti di atẹ́gùn lásán, tẹ́ ẹ bá tú u jáde aṣọ ló kù, ẹ lè ká a. Èyí tí fífẹ̀ aṣọ ẹ̀ jẹ́ mítà 12 níbùú lóròó (square metre) máa ń wọn kìlò mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹrù ẹnì kan báyìí, ká sọ pé káìtì 12 ẹ̀ wọn 3.5, káìtì 9 ẹ̀ wọn 2.9, bar, ìyẹn ọ̀pá tó ń dì mú láti darí káìtì, pẹ̀lú okùn 1.3, bọ́ọ̀dù pẹ̀lú fin (àwọn ìyẹ́ kékeré abẹ́ ẹ̀) àti ibi tó ń ti ẹsẹ̀ bọ̀ 4.2, harness 2.2, pọ́ǹpù 1.3, wetsuit (aṣọ rọ́bà tí wọ́n ń wọ̀ sínú omi) fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ 1.4. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ 16.8. Ẹ rí i pé kò tiẹ̀ sún mọ́ 23. Àmọ́ báàgì tó ń gbé wọn ńkọ́? Báàgì bọ́ọ̀dù tó ní táyà lè wọn 4.5 lófìfo, báàgì àgbékẹ́yìn tí káìtì kọ̀ọ̀kan bá wá látilé ìtajà sì máa ń tó kìlò kan, méjì ni wọ́n, ẹ ti dé 23.3 nìyẹn, ẹ ò tíì mú pátá kan dání. Báàgì ló jẹ kìlò mẹ́fà ààbọ̀ nínú ẹrù yín! Mo máa ń wo àwọn tó ń ra káìtì tó fi gíráàmù 200 fúyẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, owó gọbọi, tí wọ́n á wá kó o sínú báàgì tí táyà ẹ̀ nìkan wúwo ju ìyẹn lọ. Ẹ fi báàgì àgbékẹ́yìn méjèèjì sílé, ẹ ká káìtì sínú báàgì ọ̀rá tàbí aṣọ fúyẹ́, ẹ ti padà sí 21.3. Tẹ́ ẹ bá wá ń lo foil, ìyẹn ìyẹ́ abẹ́ omi tó máa ń gbé bọ́ọ̀dù sókè kúrò lórí omi, mast (ọ̀pá) aluminium àti ìyẹ́ ẹ̀ tún máa kó ìwọ̀n tiẹ̀ wá, ìyẹn sábà máa ń gba báàgì tirẹ̀.

Dídì ẹ̀ náà ní bó ṣe ń lọ. Ẹ tú fin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, ẹ tú ibi ìtẹ̀sẹ̀ kúrò, kí bọ́ọ̀dù lè sùn pẹrẹsẹ sí ìsàlẹ̀ báàgì, ìnípọn báàgì máa dín kù gan-an. Ẹ kó àwọn sikúrúù sínú ọ̀rá kékeré, kẹ́ ẹ so ọ̀rá náà mọ́ ibi ìtẹ̀sẹ̀ fúnra ẹ̀, torí tí sikúrúù bá sọnù lọ́nà, bọ́ọ̀dù yín ti di pátákó nìyẹn títí ẹ máa fi rí òmíràn. Ẹ ṣí gbogbo ẹnu tí wọ́n ń gbà fẹ́ atẹ́gùn sínú káìtì sílẹ̀ pátá, ẹ bẹ̀rẹ̀ kíká láti etí méjèèjì wá sí àárín níbi tí ẹnu ńlá ẹ̀ wà, kẹ́ ẹ máa fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ kí atẹ́gùn máa ti ibẹ̀ jáde, ẹ máa gbọ́ ọ tó ń ṣe fùùù. Ẹ má ká a gba orí ẹnu ẹ̀ tó le o, ibẹ̀ ló máa ń là. Káìtì tẹ́ ẹ bá ti ká tán, orí àti ìdí bọ́ọ̀dù lẹ máa gbé e sí, kí wetsuit yí etí ẹ̀ ká, torí ibi igun yẹn ni báàgì máa ń fi lu ilẹ̀ tí wọ́n bá jù ú, báyìí ẹrù yín ló ń dáàbò bo ẹrù yín, ẹ ò nílò fóòmù kankan tó máa fi kìlò kún un.

Tó bá ṣì kọjá, báàgì ọwọ́ ló kù. Ìyẹn náà ní òṣùwọ̀n tiẹ̀, 7 sí 10 kìlò ló wọ́pọ̀, àmọ́ ó lè gba harness, ó lè gba wetsuit, káìtì kékeré tí wọ́n ká dáadáa náà lè wọ ibẹ̀. Ọ̀bẹ kékeré tí wọ́n fi ń gé okùn ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, wọ́n máa gbà á. Tọ́ònavíìsì àti pọ́ǹpù, báàgì ìsàlẹ̀, ìyẹn èyí tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀ ní káńtà, náà ni kẹ́ ẹ fi wọ́n sí kẹ́ ẹ lè sinmi ẹjọ́ wíwí. Pawa-báǹkì àti bátìrì lithium tí kò sí nínú ẹ̀rọ kankan, ìyẹn yí padà, báàgì ọwọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ wà, wọn ò gbà wọ́n nínú báàgì ìsàlẹ̀ rárá. Ẹ̀wù ààbò tó ní gáàsì CO2 tó máa ń fẹ́ ara ẹ̀ nínú omi, ẹ gbọ́dọ̀ gbàyè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ bàálù kẹ́ ẹ tó gbé e wá.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í ronú dé ni ìpadàbọ̀. Ẹrù tó wọn 21 nígbà àlọ lè wọn 25 nígbà àbọ̀, ẹ ò sì ra nǹkan kan kún un. Omi ni. Fóòmù inú harness máa ń mu omi, wetsuit tó dà bíi pé ó ti gbẹ níta ṣì lè tutù nínú, yanrìn á sì ti wọ inú káìtì lọ jókòó sí ibi tí wọ́n ti rán an pọ̀. Ẹni tó bá ń wa káìtì títí di àárọ̀ ọjọ́ tó máa fò, omi òkun ló ń sanwó ọkọ̀ fún. Ẹ fi ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú parí ẹ̀, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan harness àti wetsuit, ẹ yí wetsuit padà kẹ́ ẹ sá inú ẹ̀ náà, ẹ tẹ́ káìtì sórí koríko kẹ́ ẹ gbọn yanrìn inú ẹ̀. Sikéèlì kékeré alọ́wọ́ tí wọ́n ń fi ìkọ́ gbé báàgì, ẹ mú un dání lọ, ẹ má fi sílé, òun fúnra ẹ̀ ò tó nǹkan kan.

Tó bá sì jẹ́ pé bàálù méjì lẹ máa wọ̀, ẹ wò ó bóyá tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Tó bá jẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì kan, òfin ẹrù kan ló sábà máa ń gbé yín délé. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ra méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ torí ó dín owó, onílé-iṣẹ́ kejì ò mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ gbà fún yín, ó máa wọn ẹrù yín látìbẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì jẹ́ òun gan-an ni bàálù kékeré tí ẹnu ibi ìkẹ́rù ẹ̀ ò fẹ̀, tí báàgì gígùn lè má rí ibi wọ̀. Òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ̀wé sí kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ kọ gígùn, ìbú, ìnípọn àti ìwúwo báàgì sí i ní tààràtà, kẹ́ ẹ sì fi èsì tí wọ́n bá fún yín pamọ́ sórí fóònù bíi fọ́tò, torí ẹni tó máa wà ní káńtà lọ́jọ́ yẹn kọ́ ló kọ ọ́, íntánẹ́ẹ̀tì eapọ́ọ̀tù sì lè má ṣí email yín lásìkò tó ń bi yín.