Ta Ló Ń Jẹun Lórí Pẹpẹ?

Ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọjà ni pẹpẹ. Orí rẹ̀ ni wọ́n ń to ìkòkò àti àwo sí nínú yàrá, orí rẹ̀ náà ni ìyá ọlọ́jà ń pàtẹ sí. Nígbà tí Samuel Ajayi Crowther àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ń túmọ̀ Bíbélì ní sẹ́ńtúrì 19, tí wọ́n ń wá orúkọ fún ibi tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ń rúbọ, ojúbọ ti wà nílẹ̀. Wọn ò mú un. Pẹpẹ ni wọ́n mú, kò sì ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀: ojúbọ ń rùn òrìṣà sí wọn nímú. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ tí wọ́n yàn bá iṣẹ́ náà mu ju bí ó ṣe yẹ lọ, torí pé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀sìn, ohun jíjẹ ló ń dé orí pẹpẹ.

Òfin àkọ́kọ́ tí ìwé Ẹ́kísódù fi lélẹ̀ nípa pẹpẹ kò ní ọ̀ṣọ́ kankan nínú. Erùpẹ̀ ni kí wọ́n fi mọ ọ́n. Bó bá jẹ́ òkúta, kí wọ́n má gbẹ́ ẹ, torí bí irin iṣẹ́ bá ti kàn án, ó ti bà á jẹ́. Kí wọ́n má sì ṣe àtẹ̀gùn sí i, kí ìhòòhò ẹni tó ń gòkè má bàa hàn. Orí 27 ni ti àgọ́ àjọ, àgọ́ ìjọsìn tí wọ́n ń gbé kiri, ti wá dé: pákó tí wọ́n fi idẹ bò, ìgbọ̀nwọ́ 5 ní gígùn, 5 ní fífẹ̀, 3 ní gíga. Ìyẹn ń lọ sí mítà 2 lé díẹ̀ níbùú lóròó, gíga rẹ̀ kò sì ju àyà ọkùnrin lọ. Inú rẹ̀ ṣófo, ọ̀pá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e, torí arìnrìn-àjò ló ni ín. Ìgbà tí Sólómọ́nì kọ́ tẹ́ńpìlì, tiẹ̀ di ìgbọ̀nwọ́ 20 níbùú lóròó àti 10 ní gíga.

Ìwo mẹ́rin wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti àgọ́ àjọ. Ẹ̀jẹ̀ ẹbọ ẹ̀ṣẹ̀ ni wọ́n ń fi ìka tọ́ sí i. Ẹni tí wọ́n ń lé láti pa náà lè sá wá dì í mú. Àdóníjà, tó bá Sólómọ́nì du oyè, dì í mú, wọ́n fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Jóábù, ọ̀gágun Dáfídì, dì í mú, ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ gan-an ni wọ́n pa á sí.

Ẹni tó bá ka Léfítíkù dáadáa yóò rí i pé iṣẹ́ ilé ìdáná ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù níbẹ̀. Láràárọ̀, àlùfáà á wọ aṣọ ọ̀gbọ̀, á kó eérú tó wà nílẹ̀ mọ́jú sí ẹ̀gbẹ́ pẹpẹ, á pààrọ̀ aṣọ, á wá gbé eérú náà lọ sí ẹ̀yìn ibùdó. Á tún igi sí iná, torí iná náà kò gbọdọ̀ kú tọ̀sán tòru. Ẹran tó bá dé ibẹ̀, pínpín ni. Tó bá jẹ́ ẹbọ sísun, gbogbo rẹ̀ ló ń jó, àfi awọ tí àlùfáà ń mú. Tó bá jẹ́ ẹbọ àlàáfíà, ọ̀rá àti kíndìnrín lọ sínú iná, àyà àti itan ọ̀tún di ti àwọn àlùfáà, ìyókù di ti ẹni tó mú ẹran wá àti àwọn ará ilé rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tètè jẹ ẹ́ tán. Ẹ̀jẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fẹnu kàn. Jíjẹ ẹran yìí ni ọ̀pọ̀ ìwàásù máa ń fò. Wọ́n á sọ̀rọ̀ iná, wọ́n á sọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, wọn ò ní sọ pé wọ́n ń jẹun.

Ojúbọ náà kò jìnnà sí èyí. Ojú tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ló wà nínú ojú ogun àti ojú ọ̀nà: ibi tí nǹkan ti ń wáyé gan-an. Yangí pọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, wọn kì í ṣe ojúbọ. Èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀, tí wọ́n wúre sí, tí wọ́n ń bu epo lé, ni ojúbọ Èṣù. Irin ni ti Ògún. Edùn àrá tí wọ́n gbé ka orí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni ti Ṣàngó. Oúnjẹ wọn kò sì dọ́gba. Èṣù fẹ́ epo, wọn kì í gbé àdín dé iwájú rẹ̀. Ọbàtálá kì í fojú kan epo pupa, ìgbín ni kí wọ́n gbé wá. Ajá ni ti Ògún. Àgbò ni ti Ṣàngó, orógbó ló sì ń gbà níbi tí òrìṣà mìíràn ti ń gba obì. Kí ẹnikẹ́ni tó tú ká, wọ́n á da obì láti mọ̀ bóyá ẹbọ gbà. Bí awẹ́ 2 bá ṣíjú, tí 2 dojú dé, obì yàn, ayọ̀ dé. Nígbà náà ni ẹran á wọ ìkòkò, tí olúkálùkù á gba tirẹ̀. Àwọn àgbà ló ní bí èèyàn ò sí, imalẹ̀ ò sí. Ẹni tó bá mọ ojúbọ tí ẹnì kan kò bu omi lé mọ́ mọ ohun tí wọ́n ń sọ.

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, rí ọgbọ́n dá sí i. Ọta òrìṣà, òkúta tí wọ́n ń bọ, wọ inú sopera, abọ́ ọbẹ̀ onídèérí tí àwọn ilé ńláńlá fi ń gbé ọbẹ̀ síwájú àlejò. Ti Yemọja jẹ́ àwọ̀ búlúù, ti Ọ̀ṣun yẹ́lò, ti Ọbàtálá funfun. Àlejò tó bá wọlé, abọ́ ló rí.

Nígbà tí àwọn ará Róòmù wó tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù ní ọdún 70, àwọn Júù kò kọ́ pẹpẹ mìíràn. Àwọn olùkọ́ wọn ní tábìlì ilé ẹni ló dípò rẹ̀ báyìí. Àwọn Kristẹni ní tiwọn gbé àkàrà àti wáìnì sórí tábìlì, nígbà tó yá wọ́n ń ṣe é lórí ibojì àwọn tí wọ́n pa nítorí ìgbàgbọ́. Ibẹ̀ ni àṣà fífi egungun ẹni mímọ́ sábẹ́ pẹpẹ ti wá, ìpàdé àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Nicaea ní ọdún 787 sì sọ ọ́ di dandan fún yíya ilé ìjọsìn sí mímọ́. Títí dòní, bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì tó bá ń ya pẹpẹ sí mímọ́ á ta òróró sí i, á sun tùràrí lórí rẹ̀, kí wọ́n tó tẹ́ aṣọ funfun.

Ní 1550, Nicholas Ridley, bíṣọ́ọ̀bù London, ní kí wọ́n wó pẹpẹ kúrò nínú àwọn ilé ìjọsìn, kí wọ́n gbé tábìlì síbẹ̀. Àlàyé rẹ̀ ṣe tààrà: ibi ìrúbọ ni pẹpẹ, ibi ìjẹun ni tábìlì. Ẹni tó ti ka Léfítíkù lè bi í bóyá ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lóòótọ́.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò ní pẹpẹ rárá. Ihò ara ògiri níwájú mọ́ṣáláṣí, ìhà tí Mẹ́kà wà ló ń tọ́ka sí. Àgbò Iléyá ń kú sí àgbàlá ilé ẹni, wọ́n ń pín in, Kùránì sì là á mọ́lẹ̀ pé ẹran àti ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ìbẹ̀rù Ọlọ́run ló ń dé ibẹ̀.

Ìjọ Sẹ̀lẹ̀, tí Oshoffa dá sílẹ̀ ní Pọ́tó-Nóvò ní 1947, di pẹpẹ mú ṣinṣin: fìtílà méje lórí rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán fún gbogbo èrò, kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tó wá ló lè dé ìdí rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ ìgbàlódé, òdì kejì ni. Ibi tí wọ́n ń pè ní pẹpẹ kò ju orí pèpéle lọ, níbi tí dùùrù, ìlù àti òdòdó oníke wà. Wọ́n á ní kí ẹni tó fẹ́ gba Jésù jáde wá síbi pẹpẹ, kò sì sí nǹkan kan níbẹ̀ tí wọ́n lè gbé abọ́ lé. Ọ̀rọ̀ náà ti fi ohun tó ń jẹ́ sílẹ̀, ó ń dá rìn.

Ní Etiópíà, ohun tó ń sọ ilé di ilé ìjọsìn ni tabot, pátákó tàbí òkúta pẹlẹbẹ tí bíṣọ́ọ̀bù yà sí mímọ́. Òun ni àwo àkàrà àti ife wáìnì ń gbé lé nígbà ìsìn. Àlùfáà nìkan ló ń rí i. Nígbà àjọ̀dún Timkat, ìrántí ìrìbọmi Jésù, ní January, orí ni wọ́n ń fi gbé e jáde, wọ́n á sì ti fi aṣọ wé e pátápátá. Mọ́kànlá wà ní British Museum ní London. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní odi Maqdala ní Etiópíà ní 1868. Ilé àkójọ náà gbà pé ojú kò gbọdọ̀ kàn wọ́n, nítorí náà yàrá tí wọ́n tì pa ni wọ́n wà, kò sẹ́ni tó ń wò wọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń gbé àkàrà lé wọn.