Ìwádìí Sáyẹ́ǹsì ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ìwádìí sáyẹ́ǹsì ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni àpapọ̀ iṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ẹ̀dá oníyè, àwọn oníṣègùn àti àwọn onímọ̀ físíìsì ń ṣe ní ìlú Ògbómọ̀ṣọ́, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, lórílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá, tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí LAUTECH, ni ọ̀pọ̀ jù lọ iṣẹ́ náà ti ń wáyé. Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ méjì tún wà nílùú náà, ọ̀kan ti LAUTECH, èkejì ti Yunifásítì Bowen. Lára gbogbo iṣẹ́ wọ̀nyí, èyí tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lókè òkun mọ̀ jù bóyá ni ọgbọ́n fífi èèpo obì, èèpo kòkó àti òwú aláǹtakùn ṣe ẹ̀rún fádákà tí ojú lásán kò lè rí. Iṣẹ́ yìí ló gba àyè jù nínú àpilẹ̀kọ yìí, nítorí pé òun ni ìmọ̀ ẹ̀dá oníyè, ìṣègùn àti físíìsì ti pàdé.

Ìlú àti àwọn ilé ẹ̀kọ́

Ògbómọ̀ṣọ́ wà lójú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ìlọrin, níbi tí igbó ti ń tán lọ tí ọ̀dàn sì ń gbà á. Àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbin ẹ̀gẹ́, àgbàdo, kajú àti máńgòrò, láfún Ògbómọ̀ṣọ́ sì gbajúmọ̀. Ohun ọ̀gbìn tó pọ̀ báyìí kì í ṣaláìní ìdọ̀tí tirẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti ń bó ẹ̀gẹ́, òkìtì èèpo kì í jìnnà síbẹ̀; níbi tí wọ́n bá ti ń pa adìẹ, ìyẹ́ á máa fẹ́ káàkiri. Irú ìdọ̀tí yìí ni apá kan pàtàkì nínú ìwádìí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdún 1990 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá yunifásítì náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ ní ọdún 1991, àwọn ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ di onílé ẹ̀kọ́ náà, títí di ọdún 2020 tó padà di ti Ọ̀yọ́ nìkan. Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó jẹ́ Olórí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà nígbà ayé rẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Awuyewuye lórí ẹni tó ni ilé ẹ̀kọ́ náà àti ẹni tí yóò máa náwó sí i pẹ́ gan-an, àwọn ìgbà kan sì wà tí iṣẹ́ dúró.

Ìdọ̀tí oko àti kòkòrò àìfojúrí

Kí ọ̀rọ̀ fádákà tó dé, ohun tí àwọn onímọ̀ kòkòrò àìfojúrí ní LAUTECH gbájú mọ́ ni bí kòkòrò ṣe lè sọ ìdọ̀tí oko di nǹkan tó wúlò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Agbaje Lateef wà lára àwọn tó ṣáájú nínú rẹ̀. Ní ọdún 2008, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí fọ́ńgọ́ọ̀sì Rhizopus stolonifer tí wọ́n fún ní àmì LAU 07. Wọ́n jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì náà hù lórí èèpo kòkó, èèpo ẹ̀gẹ́ àti èérún ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀. Lẹ́yìn tó hù tán, èròjà aṣaralóore inú àwọn ìdọ̀tí náà lọ sókè, èyí tó mú kí ó ṣeé ṣe láti rò wọ́n mọ́ oúnjẹ ẹran ọ̀sìn.

Èkejì tó yẹ ká dúró lé lórí ni bakitéríà Bacillus safensis LAU 13. Bakitéríà yìí ń ṣe ẹ́ńsáìmù kan tó ń jẹ kẹ́rátìnì, ìyẹn èròjà líle tó wà nínú ìyẹ́, irun àti èékánná. Ìyẹ́ adìẹ tí ilẹ̀ kì í tètè jẹ, ẹ́ńsáìmù náà ń yọ́ ọ. Ọdún 2006 ni àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ẹ̀yà Bacillus safensis fún aráyé, láti inú gbọ̀ngàn tí àjọ NASA ti ń to ọkọ̀ tó ń lọ sójú sánmà pọ̀ ní Amẹ́ríkà. Orúkọ gbọ̀ngàn náà ni wọ́n sì fi sọ ọ́. Gbọ̀ngàn tí wọ́n ń fọ̀ kí kòkòrò má bàa sí níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ bá a pàdé, ìyẹ́ adìẹ ló wá ń bá jà ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Nígbà tó di ọdún 2015, wọ́n ti ń lo omi tí bakitéríà yìí ti gbé inú rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ bakitéríà fúnra rẹ̀ kúrò, láti fi ṣe ẹ̀rún fádákà. Wọ́n dán ẹ̀rún náà wò lára bakitéríà tó ń fa àrùn, wọ́n sì tún dán an wò lára tanwíjí ẹ̀fọn Anopheles tó ń gbé ibà kiri. Ó ṣiṣẹ́ lára méjèèjì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀rún fádákà

Tí a bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ọ̀kan níbẹ̀ ni nánómítà. Ohun tí ìwọ̀n rẹ̀ bá wà láàárín nánómítà 1 sí 100 ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rún nánò. Ọ̀nà àtijọ́ tí wọ́n fi ń ṣe é máa ń gba kẹ́míkà olóró tàbí iná tó pọ̀. Ọ̀nà tí wọ́n yàn ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí àwọn mìíràn káàkiri ayé náà ń tọ̀, ni pé kí ewé, èèpo tàbí kòkòrò ṣe iṣẹ́ kẹ́míkà náà fún wọn.

Èèpo obì gbànja nìyí, èyí tó tóbi tó sì ki, tí àwọn olóbì máa ń dà nù lóko lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ obì inú rẹ̀. Wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a títí yóò fi gbẹ, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná. Wọ́n á fi ìyẹ̀fun rẹ̀ sínú omi gbígbóná fún bíi wákàtí kan, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á sì da díẹ̀ nínú omi náà sínú sílífà náítíréètì, ìyẹn iyọ̀ fádákà, tí wọ́n ti pò mọ́ omi. Sílífà náítíréètì yìí kò ní àwọ̀ kankan. Kò pẹ́ tí àpòpọ̀ náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, tí yóò sì máa ṣú títí yóò fi di àwọ̀ ilẹ̀ pátápátá. Àwọ̀ tó yí padà yìí ni àmì àkọ́kọ́ pé fádákà ti kúrò ní yíyọ́ nínú omi, ó ti di ẹ̀rún. Àwọn èròjà inú èèpo, pàápàá àwọn fínọ́ọ̀lì àti purotéènì, ló fún fádákà ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù (ohun kíkéré inú átọ́ọ̀mù tó ń gbé iná) tó sọ ọ́ di ẹ̀rún. Àwọn náà ló tún bo ẹ̀rún náà lára kí wọ́n má bàa lẹ̀ mọ́ra wọn.

Òwú aláǹtakùn kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Jànkáriwọ̀ tí à ń fi ìgbálẹ̀ onígi gbá kúrò lára àjà ilé kì í yọ́ nínú omi lásán, nítorí pé purotéènì líle ni. Kọ́sítíìkì sódà ni wọ́n fi sè é kí wọ́n tó rí omi rẹ̀ lò. Iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2016 gba àfiyèsí, torí ohun tí kò wúlò fún ẹnikẹ́ni ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n po ẹ̀rún tó ti ara rẹ̀ wá mọ́ ọ̀dà funfun tí a fi ń kun ilé, bakitéríà àti fọ́ńgọ́ọ̀sì Aspergillus tí wọ́n fi sínú ọ̀dà náà kò sì lè hù. Ẹni tó bá ti rí bí ògiri ṣe ń dúdú tó sì ń bu lásìkò òjò á mọ ohun tí èyí lè túmọ̀ sí fún àwọn tó ń ṣe ọ̀dà. Wọ́n tẹ iṣẹ́ lórí èèpo kòkó náà jáde lọ́dún yẹn kan náà.

Àwo pẹrẹsẹ tí wọ́n da oúnjẹ kòkòrò sí ni wọ́n fi ń wo agbára ẹ̀rún náà. Wọ́n á tan bakitéríà, bíi E. coli, Klebsiella tàbí Staphylococcus aureus, sórí rẹ̀, wọ́n á gbẹ́ ihò kékeré síbẹ̀, wọ́n á kán ẹ̀rún fádákà sínú ihò náà. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ibi tí kòkòrò kò ti lè hù á hàn yíká ihò náà, rúlà ni wọ́n sì fi ń wọ̀n ọ́n. Ìdí tí iṣẹ́ yìí fi ṣe pàtàkì ni pé ọ̀pọ̀ bakitéríà ni oògùn tí a mọ̀ kò ràn mọ́ lónìí, fádákà kì í sì í gba ọ̀nà kan ṣoṣo pa wọ́n: ó ń ba awọ ara wọn jẹ́, ó ń dí purotéènì wọn lọ́wọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó pa kòkòrò nínú àwo lè má wo ènìyàn sàn. Ohun tó ń pa bakitéríà lè pa ara tiwa náà lára bí ó bá pọ̀ jù.

Ọ̀rọ̀ ewu yìí ni wọ́n fi àlùbọ́sà wò. Wọ́n á gbé ìdí àlùbọ́sà lé omi tó ní ẹ̀rún fádákà títí yóò fi ta gbòǹgbò, wọ́n á gé ṣóńṣó gbòǹgbò náà, wọ́n á rẹ ẹ́ láró, wọ́n á sì fi awò máíkírósíkópù ka iye sẹ́ẹ̀lì tó ń pín àti èyí tí krómósómù rẹ̀, ìyẹn okùn tó gbé àbùdá inú sẹ́ẹ̀lì, ti dàrú. Ọ̀nà yìí kò náni lówó, kò sì sí ẹranko tí yóò kú níbẹ̀. Àwọn mìíràn wo ipa ẹ̀rún náà lára ẹ̀jẹ̀, bóyá ó lè dí ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ kó má dì, tàbí kó tú èyí tó ti dì. Òmíràn tún wò ó bóyá ó lè fọ àwọ̀ aró kúrò nínú omi. Ní ọdún 2017, àwọn olùwádìí láti Ọ̀ṣogbo fọwọ́ sowọ́ pọ̀ pẹ̀lú ti Ògbómọ̀ṣọ́ lórí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn pẹ̀lú ẹ̀rún fádákà tó ti ara èèpo obì wá, wọ́n sì rí i pé àwọn èròjà kan tó ń ṣe ara lóore pọ̀ sí i nínú ẹ̀fọ́ náà.

Físíìsì tó wà nídìí rẹ̀

Ìdí tí omi fádákà fi ń pọ́n, ọ̀rọ̀ físíìsì ni. Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń rìn fàlàlà lójú ẹ̀rún fádákà máa ń jùmọ̀ mì síwá sẹ́yìn nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá kàn wọ́n, wọ́n á sì gbé ìmọ́lẹ̀ tí gígùn ìgbì rẹ̀ wà ní nǹkan bíi nánómítà 400 sí 450 mì. Nítorí náà, ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò láti fìdí àwọ̀ náà múlẹ̀. Kí wọ́n tó lè rí ẹ̀rún náà fúnra rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n lo awò máíkírósíkópù tó ń fi ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ríran. Àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì KwaZulu-Natal ní Gúúsù Áfíríkà wà lára àwọn tó bá wọn kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn iṣẹ́ yìí.

Irin ni fádákà. Àwọn ohun mìíràn tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀rún nánò, bíi síńkì ọ́síáìdì àti títáníọ́mù ọ́síáìdì, sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ ni wọ́n. Sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ ń jẹ́ kí iná kọjá ju bí gíláàsì ṣe ń ṣe lọ, àmọ́ kò tó ti bàbà. Àlàfo agbára kan wà nínú rẹ̀ tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù gbọ́dọ̀ fò kọjá kí ó tó lè gbé iná. Ti sílíkọ́nù, tí wọ́n fi ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú pánẹ́ẹ̀lì sólà, jẹ́ bíi 1.1 eV (òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù), ti síńkì ọ́síáìdì jẹ́ bíi 3.3. Bí ìmọ́lẹ̀ tó lágbára tó bá bà lé síńkì ọ́síáìdì, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á fò, á fi ihò sílẹ̀ lẹ́yìn, àwọn méjèèjì á sì bá omi àti afẹ́fẹ́ àyíká ṣe èròjà alágbára tó lè ba kòkòrò jẹ́. Bí ẹ̀rún sẹmikọ́ńdọ́kítọ̀ bá ṣe ń kéré sí i dé ìwọ̀n nánómítà mélòó kan ni àlàfo náà ń fẹ̀ sí i, tí àwọ̀ rẹ̀ sì ń yí padà. Iṣẹ́ lórí irú ẹ̀rún bẹ́ẹ̀ ló gba Ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní ọdún 2023.

LAUTECH ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ físíìsì tirẹ̀. Fún ìlú tí oòrùn pọ̀ sí báyìí, pánẹ́ẹ̀lì sólà ni apá tó kan aráàlú jù nínú ìmọ̀ yìí. Oòrùn tó pọ̀ nìkan kò tó: bí pánẹ́ẹ̀lì sílíkọ́nù bá ṣe ń gbóná sí i ni agbára rẹ̀ ń dín kù, nǹkan bí ìdá 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún fún ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Lásìkò ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, eruku á bò ó lójú.

Ìṣègùn

Ìṣègùn ti òyìnbó dé Ògbómọ̀ṣọ́ ṣáájú yunifásítì. Ọdún 1907 ni Dókítà George Green, míṣọ́nnárì ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, dé Nàìjíríà, ilé ìwòsàn tó ti ara iṣẹ́ rẹ̀ jáde sì ṣí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọdún 1923. Ilé ìwòsàn yìí wà lára àwọn tó ṣáájú nínú kíkọ́ dókítà ní ìṣègùn ìdílé ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2009 ló di ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Bowen, tí olú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà ní Ìwó. Ọdún 2011 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní Ọ̀ṣogbo ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn LAUTECH ti fìdí múlẹ̀ ṣáájú ìgbà náà.

Ìwádìí tí àwọn dókítà ń ṣe yàtọ̀ sí ti yàrá àyẹ̀wò. Èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni yíyẹ ìwé àwọn aláìsàn tó ti kọjá wò, tàbí bíbi àwọn tó wá gba ìtọ́jú léèrè ọ̀rọ̀, ìgbìmọ̀ ìlànà ìwà ọmọlúàbí ilé ìwòsàn sì gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Oògùn tuntun, yálà ti fádákà tàbí ti ewé, ní láti kọjá lọ́wọ́ àjọ NAFDAC kí wọ́n tó lè máa tà á fún aráàlú.