Bí ewì ìsínjẹ ṣe bẹ̀rẹ̀ láàárín àwọn akéwì Gẹ̀ẹ́sì

Ní ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá, Geoffrey Chaucer kọ ìtàn àwọn arìnrìn-àjò tó ń lọ sí Canterbury, ó sì fi ara rẹ̀ kún wọn. Nígbà tó kàn án láti pa ìtàn tirẹ̀, ewì akọni kan tí ń jẹ́ Thopas ló mú bọ ẹnu. Ìró ewì náà kò yàtọ̀ sí ti àwọn ewì akọni tó wọ́pọ̀ láyé ìgbà náà, àmọ́ nǹkan gidi kan kò ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Onílé-èrò tó ń bá wọn rìnrìn-àjò dá a dúró: ó tó gẹ́ẹ́, etí ń dun òun! Ibẹ̀ ni èmi ti máa ń ka ìtàn ewì ìsínjẹ, torí ẹni tó mọ ewì akọni dénú nìkan ló lè bà á jẹ́ dáadáa tó báyẹn.

Ní 1701, John Philips gbé ohùn ńlá akéwì àgbà John Milton wọ tálákà kan tí kò ní ṣílè kan lápò, tí àwọn tó ń sin gbèsè ń lé kiri. Ní 1712, Alexander Pope fi èdè ogun ńlá sọ̀rọ̀ irun orí omidan kan tí ọ̀dọ́kùnrin ọlọ́lá kan gé. Òótọ́ lọ̀rọ̀ irun náà, ìdílé méjì ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ọ̀rẹ́ Pope kan ló sì ní kó fi ẹ̀rín parí ìjà náà.

Ìsínjẹ tó wù mí jù ni ti Drury Lane. Ọjọ́ 24 oṣù kejì 1809 ni iná jó tíátà yẹn kanlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún un ṣí ní 1812, ìgbìmọ̀ rẹ̀ pe àwọn akéwì kí wọ́n wá díje fún ewì tí wọn yóò kà lọ́jọ́ ìṣílé. Ewì tó wọlé lé ní ọgọ́rùn-ún, wọn kò mú ọ̀kankan. Lord Byron ni wọ́n lọ bẹ̀. Ni tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan, James Smith tó jẹ́ lọ́yà àti Horace tó jẹ́ alágbàtà ìpín ìdókòwò, bá gbé ìwé kan jáde, bí ẹni pé àwọn ewì tí wọ́n kọ̀ náà rèé, bí ẹni pé àwọn gbajúmọ̀ akéwì ló kọ wọ́n.

Wordsworth, ọ̀kan lára àwọn akéwì tí wọ́n sín jẹ, fẹ́ràn láti jẹ́ kí ọmọdé sọ̀rọ̀ ṣákálá nínú ewì. Àwọn Smith bá fi ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ sórí ìtàgé, ó ń rojọ́ pé òun gba ọmọlangidi onída, arákùnrin òun gba òkòtó, ni ìlara bá mú un tó fi ti orí ọmọlangidi náà sẹ́nu iná, tí ìdajì imú rẹ̀ sì yọ́ dànù. Wọ́n sín akéwì Walter Scott náà jẹ. Wọ́n ní nígbà tó ka ibi tí iná ti ń jó, ó ní òun ló kọ ọ́ dájú, òun kàn gbàgbé ìgbà tí òun kọ ọ́ ni.

John Murray, tó ń tẹ ìwé jáde, ti kọ̀ láti ra ìwé àwọn Smith yìí ní £20. Ní 1819, £131 ló san kó tó rí ẹ̀tọ́ rẹ̀ gbà.

Nígbà tó fi di 1865, ewì tí àwọn ọmọ iléèwé ń há sórí ni Lewis Carroll ń sín jẹ, ó sì kó wọn sínú ìwé ìtàn ọmọdé tó kọ nípa ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Alice. Ewì baba arúgbó kan tí akéwì Robert Southey kọ ní 1799 wà lára wọn. Ti Carroll, níbi tí baba náà ti ń forí dúró, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí.